Gígùn òru ló ń pinnu bí họ́ọ̀pù yóò ṣe so nínú ilé

Ohun tó ń mú bíà korò lẹ́nu, tó sì ń fún un ní òórùn, ni òdòdó ìtàkùn kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù. Akọ àti abo ìtàkùn náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, abo nìkan ló sì wúlò fún ẹni tó ń pọn bíà. Òdòdó rẹ̀ ká jọ ní ìpele-ìpele bí ìpẹ́ ẹja. Bí ẹ bá fi èékánná là á sí méjì, ẹ ó rí ẹ̀tù aláwọ̀ ìyeyè kan ní ìdí ìpele kọ̀ọ̀kan, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Lupulin lorúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìkorò wà, inú rẹ̀ náà ni òróró tó ń ta sánsán wà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin họ́ọ̀pù sínú ilé, gígùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Lóko, ó ń gùn tó mítà mẹ́fà tàbí méje láàrin oṣù díẹ̀, ọjọ́ mìíràn sì wà tó lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ga sí i. Irun líle tó wà lára rẹ̀ ló fi ń gbá okùn mú, apá ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí ló sì máa ń lọ́ sí. Gígùn yìí kò ṣòro láti yanjú. Ẹ lè ta okùn dé àjà kí ẹ sì darí ìtàkùn náà gba ara ògiri, tàbí kí ẹ wá irú tó kúrú bíi First Gold, èyí tí wọ́n mú jáde ní Wye College ní Kent, nílẹ̀ England. Nídìí ìmọ́lẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ibi tí họ́ọ̀pù ti ń ṣe dáadáa jù láyé, ìyẹn Hallertau ní Jámánì, àfonífojì Yakima ní Amẹ́ríkà àti Žatec ní ilẹ̀ Czech, gbogbo wọn ló jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti gbà pé òtútù ọ̀gìnnìtìn ibẹ̀ ló ń fún ìtàkùn náà lágbára láti tanná. Lọ́dún 2019, William Bauerle ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé họ́ọ̀pù tí kò rí òtútù rárá ń tanná dáadáa, tí wọ́n bá sáà ti ṣètò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Òru ni ìtàkùn náà ń ṣọ́. Nígbà tí òru bá kúrú, gíga ló ń ga. Nígbà tí òru bá wá ń gùn sí i, ó mọ̀ pé àsìkò òdòdó ti dé. Ní Hallertau, ojúmọ́ inú oṣù kẹfà ń lọ sí wákàtí 16, nítorí náà ìtàkùn ti ní ara kí òru tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti ń kórè. Ní Èkó, ojúmọ́ tó gùn jù lọ kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀. Bí ẹ bá gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, yóò yára tanná kó tó ní ẹ̀ka, òdòdó bíntín ló sì máa mú wá. Irú ìṣòro yìí ló bá àwọn àgbẹ̀ ní George, ní South Africa: iná mànàmáná ni wọ́n kọ́kọ́ ń tàn sínú oko kí ilẹ̀ má tètè ṣú fún ìtàkùn, kí wọ́n tó rí irú tó bá ojúmọ́ ibẹ̀ mu. Lónìí, àwọn olùwádìí Yunifásítì Florida náà ń fi iná LED ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oko tiwọn.

Àwọn ará Spain ti gbé họ́ọ̀pù wọlé pátápátá. Ilé-iṣẹ́ Ekonoke ń gbin họ́ọ̀pù sínú yàrá lábẹ́ iná LED, láìsí erùpẹ̀, omi tó ní oúnjẹ nínú ló ń bọ́ gbòǹgbò rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíà Estrella Galicia sì wà lẹ́yìn wọn. Ìdí wà tí wọ́n fi ń náwó sí i. Ìwádìí kan tó jáde nínú Nature Communications lọ́dún 2023 sọ pé tó bá fi máa di ọdún 2050, ooru àti ọ̀dá lè dín ìkórè họ́ọ̀pù Yúróòpù kù ní ìdá 4 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kí èròjà ìkorò inú rẹ̀ sì dín kù ní ìdá 20 sí 31. Sí mi, iye kejì yẹn ló burú jù, torí pé èròjà yẹn ni wọ́n ń torí rẹ̀ ra họ́ọ̀pù.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ilé. Ẹ ra gbòǹgbò tàbí ẹ̀ka abo tó dájú. Tí ẹ bá gbin hóró, akọ lè jáde. Ìkòkò ńlá tó ń jo omi dáadáa nísàlẹ̀ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú iná LED tó lágbára, torí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan kì í tó o. Ẹ so táímà mọ́ iná náà, kó máa tàn fún wákàtí 16 sí 18 lójúmọ́ títí ìtàkùn yóò fi ga tó bí ẹ ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dín in kù sí wákàtí 12. Láti ìgbà yẹn lọ, òkùnkùn gbọ́dọ̀ jẹ́ òkùnkùn. Bí ẹnì kan bá tan iná yàrá náà láàrin òru lemọ́lemọ́, ìtàkùn lè kà á sí pé òru ṣì kúrú, kó má tanná mọ́. Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò pẹ̀lú, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé máa ń fa kòkòrò tíńtìntín kan tó ń mu omi ara ewé tó sì ń ta òwú sábẹ́ rẹ̀.

Owó iná ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ ní Ìbàdàn, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó dán an wò. Ọ̀nà mìíràn tiẹ̀ wà nílé tó wù mí jù: àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti ń dán ewúro àti orógbó wò ní ipò họ́ọ̀pù nínú bíà.

Fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbin họ́ọ̀pù, òdòdó rẹ̀ ti gbó nígbà tó bá gbẹ lọ́wọ́, tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀tù inú rẹ̀ sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ tẹ́ ẹ sórí asẹ́ níwájú fáànù, kì í ṣe sínú oòrùn, títí igi àárín rẹ̀ yóò fi máa dá ṣáká. Lẹ́yìn náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Bí ẹ bá ń sin ajá, ẹ má ṣe gbé họ́ọ̀pù tútù tàbí gbígbẹ síbi tí ẹnu rẹ̀ lè dé: ó ń mú kí ara ajá gbóná kọjá ààlà, ó sì lè pa á.