Ẹ̀gẹ́, Gàárì àti Núdù: Iṣẹ́ Wo Ni Ọwọ́ Ènìyàn Ṣe sí Oúnjẹ?

Ní Afo àti àwọn ìlú tó yí i ká ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu kì í ṣe ohun tí a lè jẹ ní tútù, nítorí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń tú sáyánáìdì, májèlé tó lè pa ènìyàn, sílẹ̀ bí ara ẹ̀gẹ́ náà bá ti fọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bó o, tí a ń rin ín, tí a ń dì í sínú àpò, tí a sì ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan, kí a tó kù ú lórí asẹ́, kí a sì yan án nínú agbada. Rírin ni ó kọ́kọ́ ń tú májèlé náà sílẹ̀. Omi tó ń ro ń gbé díẹ̀ lọ, ooru agbada sì ń lé púpọ̀ nínú ìyókù. Ẹni tó bá kánjú gbé e kúrò lábẹ́ jáàkì nítorí ọjà ọ̀la ti gé iṣẹ́ náà kúrú níbi tó ti wúlò.

Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí ire nínú oúnjẹ tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí kò tíì ro ti gàárì. Ní ọdún 2009, Carlos Monteiro ti Yunifásítì São Paulo ní Bràsíìlì dábàá ètò tí a mọ̀ sí NOVA, èyí tó ń wo irú iṣẹ́ tí a ṣe sí oúnjẹ àti ìdí tí a fi ṣe é láti pín in sí ìpele mẹ́rin. Iṣu, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ wà ní ìpele kìíní, bí a tilẹ̀ sá wọn tàbí lọ̀ wọ́n, nítorí náà èlùbọ́ kò kúrò níbẹ̀. Epo, iyọ̀ àti ṣúgà ni ìpele kejì. Ẹja inú agolo wà ní ìkẹta. Ìkẹrin ni oúnjẹ iléeṣẹ́ gan-an, irú bíi núdù, sọ́séèjì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí a fi àwọ̀, òórùn àtọwọ́dá àti àwọn èròjà tí kò sí ní ilé ìdáná ẹnikẹ́ni pò pọ̀.

Ìpele yìí ni àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, ènìyàn 20 jẹ oúnjẹ iléeṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì jẹ oúnjẹ tí iléeṣẹ́ kò yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ inú oúnjẹ méjèèjì tí a gbé síwájú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, síbẹ̀ ti iléeṣẹ́ ni wọ́n jẹ jù, pẹ̀lú nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́, wọ́n sì sanra sí i.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ bá fi kún oúnjẹ ni ó burú: áyódíìnì inú iyọ̀ ń dènà gẹ̀gẹ̀. Bí òǹrajà bá fẹ́ dá wọn mọ̀, nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá kò tó: ó ń fi hàn pé a forúkọ ọjà náà sílẹ̀, kò sọ ìpele tó wà. Àkójọ èròjà ẹ̀yìn ọ̀rá ni kí ó kà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù ti ń ṣíwájú; ní ti núdù, púpọ̀ nínú iyọ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kékeré tí a fi ń sè é, ìdajì rẹ̀ sì tó fún ìkòkò tí ẹyin àti ẹ̀fọ́ bá ti wọ̀.