Sẹ́ńtì 36 péré ló wà lọ́wọ́ Tina Turner lọ́jọ́ tó sá fún ọkọ ẹ̀!

Ẹni tí olólùfẹ́ já kulẹ̀ nìkan ló mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Obìnrin á jí láàárọ̀, á wẹ̀, á kun àtíkè, á wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti tan rédíò báyìí, tí orin ìfẹ́ kan bọ́ síbẹ̀, omi á lé ròrò sójú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn kì í wá ìtùnú lọ jìnnà. Àwọn olórin obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á ní bí lágbájá bá là á já, àwọn náà á là á já. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ aṣọ tó ń dán lára olórin lórí ìtàgé ni wọ́n ń rí, wọn kì í bèèrè iye ọdún tó fi wọ àkísà.

Ẹ wo Tina Turner. Anna Mae Bullock lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1939. Ike Turner tó ni ẹgbẹ́ olórin ló sọ ọ́ ní Tina, tó fi orúkọ ara ẹ̀ kún un lọ́dún 1960, tó sì lọ forúkọ ọ̀hún sílẹ̀ lábẹ́ òfin pé tòun ni. Bí èyí bá lọ, ẹlòmíì á gbé e wọ̀! Ọdún 1962 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Orin wọn ń tà, ayé ń jó, ṣùgbọ́n lílù ni Ike ń lù ú nínú ilé. Ó le débi pé lọ́dún 1968, Tina gbìyànjú láti para ẹ̀. Ọlọ́run ni ò jẹ́ kó kú.

Oṣù keje ọdún 1976 lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọ́n lọ kọrin ní Dallas, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, Ike lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi ba aṣọ ẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ọkọ sùn lọ ní òtẹ́ẹ̀lì, Tina rọra yọ́ jáde, ó sáré sọdá títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sá lórí ẹ̀, ó wọ òtẹ́ẹ̀lì tó wà lódì kejì. Sẹ́ńtì 36 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti káàdì tí wọ́n fi ń ra epo mọ́tò. Máníjà ibẹ̀ ló ṣàánú ẹ̀ tó fún un ní yàrá.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fò fẹ̀rẹ̀ lọ síbi tó ti dolówó. Ẹ dúró ná! Nígbà tí kóòtù tú wọn ká lọ́dún 1978, ó fi owó àti ilé sílẹ̀, orúkọ Tina Turner ló ní kí wọ́n fún òun. Gbèsè àwọn òde tí wọn ò lè lọ kọrin mọ́ nígbà tó sá lọ, orí ẹ̀ ló já sí. Ó jẹ oúnjẹ ìrànwọ́ ìjọba, ó tún ilé àwọn ọ̀rẹ́ ṣe, ó kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì fáwọn tó ń jẹun lọ́wọ́.

Ọdún 1984 ni àwo Private Dancer jáde, tí What's Love Got to Do with It gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà. Orin tí kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wù ú! Ẹni ọdún 44 ni nígbà yẹn. Ẹ kà á: ọdún mẹ́jọ gbáko. Obìnrin tí àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, tó ń bínú sí ara ẹ̀ pé òun ò tíì gbàgbé, ta ló ń lé e? Ẹni tó ń sunkún lóru, tó sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ohun tí Tina ṣe náà ló ń ṣe yẹn.

Nílé níbí, ọdún 1976 yẹn náà ni Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ẹ̀pẹ́, gbé àwo àkọ́kọ́ jáde, ọmọdébìnrin sì ni. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Ayaba Wákà lọ́dún 1992. Nígbà tí òun àti Kollington Àyìnlá wá túká, gbogbo ìlú ló gbọ́. Àbẹ̀ní ò torí ẹ̀ gbé gbohùngbohùn sílẹ̀.

Ìfẹ́ ṣì padà wá bá Tina. Erwin Bach, ará Jámánì, tó pàdé lẹ́yìn tó ti dìde, ló fẹ́ ẹ lọ́dún 2013. Nígbà tí kíndìnrín ẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, Erwin ló yọ ọ̀kan nínú tiẹ̀ fún un lọ́dún 2017. Ní Switzerland ni Tina kú sí lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 83. Orúkọ tó gbà ní kóòtù lọ́dún 1978 yẹn náà ni gbogbo ayé fi ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.