Ta Ló Fọwọ́ Kan Ìwé Rẹ Nínú Kọ̀ǹpútà?

Ẹ̀yin oníṣòwò Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ènìyàn bá yí iye owó padà nínú ìwé gbèsè, ojú yóò rí ibi tí ó ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ní àpá. Gbèsè ₦50,000 lè di ₦5,000, máàkì 38 lè di 83, kí ọmọ tálákà sì pàdánù ipò rẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ni. Ní oṣù Fẹ́búárì 2016, àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà báńkì àgbà ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n sì kó 81 mílíọ̀nù dọ́là lọ sí Philippines. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀ràn BAE Systems yẹ irinṣẹ́ tí wọ́n gbà pé àwọn olè náà lò wò, wọ́n rí i pé byte méjì péré, tí kò ju ààyè lẹ́tà méjì lọ, ni ó ń pààrọ̀ kí àyẹ̀wò má baà ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí ni oògùn rẹ̀? Ní 1992, Gene Kim àti olùkọ́ rẹ̀ Eugene Spafford, ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò tí wọ́n pè ní Tripwire. Ó ń fi ìṣirò fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, bí ẹni ń fi èdìdì dí ẹnu àpò kòkó. Bí èdìdì bá já, ẹnìkan ti tú àpò. Òǹtẹ̀ SHA-256 tí ó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ àmì 64. Bí kómà kan ṣoṣo bá yí, òǹtẹ̀ náà yóò yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt níbi tí fáìlì wà, kí ẹ tẹ:

certutil -hashfile gbese.xlsx SHA256

Ẹ kọ òǹtẹ̀ náà sínú ìwé, kí ẹ fi pa mọ́ sílé. Ẹ má fi í sínú kọ̀ǹpútà kan náà, nítorí ẹni tí ó lè tú àpò lè tún èdìdì ṣe. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣàtúnṣe fáìlì, ẹ kọ òǹtẹ̀ tuntun. Ní òpin táàmù, èmi a kọ òǹtẹ̀ fáìlì máàkì mi, ọ̀gá a sì fọwọ́ sí i.

Òǹtẹ̀ kì í dárúkọ olè, kì í sì í dá ohun tí ó bàjẹ́ padà. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀dà mìíràn nínú fláàṣì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.