Kí Ló Ń Mú Ààtàn Gbóná?

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí i láàárọ̀ kùtù, pàápàá lẹ́yìn òjò, tí nǹkan bí èéfín ń rú lórí ààtàn ẹ̀yìn ọjà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣáná sí i. Bí a bá figi tú àárín rẹ̀, ooru á kọ lu èèyàn lójú. Àwọn kan á ní ẹnì kan ló da ògúnná síbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní oòrùn àná ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun ẹlẹ́mìí ló ń jẹun níbẹ̀.

Wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Bakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa tá a ń ta irú mọ ìbátan wọn dáadáa. Ṣebí bí a bá se irú tán, tí a dà á sígbá, tí a fi ewé àti aṣọ bò ó, a kì í dáná sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ tílẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti móoru fúnra rẹ̀, á ti máa fà. Bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ohun tó bá ń jẹun ló ń mú ooru jáde, àwa èèyàn náà ńkọ́?

Nínú ààtàn, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ fẹ́ ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lásán. Ohun tó rọ̀ ni wọ́n ń jẹ: tòmátì tó ti rà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́. Ooru wọn ò wá ríbi gbà jáde, torí pàǹtí ti bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn da aṣọ bora. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 45, agbára wọn á pin. (Ara wa jẹ́ 37, omi tó ń hó jẹ́ 100.) Ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn ooru á jí. Wọ́n ti wà lára ewé àti erùpẹ̀ látilẹ̀wá, wọ́n ń sùn nínú èèpo líle bíi kóró èso. Láti 50 dé 65 ni ayé wọn dùn jù. Ohun líle ni iṣẹ́ tiwọn: háhá àgbàdo, igi ẹ̀fọ́, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ́. Wọ́n á tu oje sí i lára, oje yẹn á gé e wẹ́wẹ́ títí á fi di ṣúgà tí wọ́n lè mu.

Ooru yìí wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Tó bá wà ní 55 fún ọjọ́ mélòó kan, ẹyin aràn á kú, ìdin á kú, èso koríko ò ní hù mọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe fún ìgbẹ́ tí wọ́n ń sọ di ajílẹ̀ ní òkìtì ìta gbangba gbọ́dọ̀ wà ní 55 fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìgbà náà.

Kí ló dé tí a ń yí i? Wọ́n ń mí. Ààtàn tó kún fómi, tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, ló ń rùn tó ń kó eṣinṣin jọ. Èyí tó gbẹ jù náà ò ní gbóná. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: bí omi bá kán díẹ̀, ó dáa. Kí òkìtì náà ga tó ìbàdí, kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á sá lọ. Kí ẹ po tútù mọ́ gbígbẹ.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀ kọ ọ̀rá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a sọ sí i lónìí, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe bá a. Òun náà ló ń dí gọ́tà, tó ń wọ odò Kúdẹtì lọ. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní 31 August 1980, tí Ògùnpa ya wọlé, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ, mọ ohun tí à ń wí. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní August 2011. Òjò ló rọ̀ o, ṣùgbọ́n pàǹtí wà lára ohun tó dí ọ̀nà omi.

Àwọn ará Bódìjà ti gbìyànjú. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀ nínú ọjà wọn. Pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sridhar ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ìmọ̀ tì í lẹ́yìn. Ìyà tó pọ̀ jù níbi irú iṣẹ́ báyìí ni yíya ọ̀rá kúrò lára ewé, èyí tí kì bá tí nira ká ní orí àtẹ la ti ń yà á.

Tiwa ò tíì tó ilé iṣẹ́. Àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ti tó, ọ̀kan fún ọ̀rá, ọ̀kan fún ewé àti èèpo.

Ó máa ń tó bí oṣù mẹ́ta kó tó jinná. Á dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, a ò sì ní mọ èwo ni háhá mọ́. Bí a bá yí i tó tún gbóná, kò tíì tó. Ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, á jó gbòǹgbò rẹ̀.