Ọ̀nà Ọ̀fun àti Ohun Tí Í Bà Á Jẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Oníwọra ni wọ́n fi ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ti dá ọ̀fun yóò rí i pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ti ara pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì ni ó pàdé lẹ́yìn ahọ́n. Gògóńgò wà níwájú, ibẹ̀ ni èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró; ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà sì tó íńṣì 10. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé òkèlè mì, ahọ́n a tì í sẹ́yìn, gògóńgò a gbéra sókè, ìdérí kékeré kan a bò ó, èémí a sì dúró díẹ̀. Ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín kí ẹ dá itọ́ mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ó ti ń gòkè. Láti ibẹ̀ lọ, iṣan ni ó ń fún òkèlè náà sọ̀kalẹ̀ títí dé ikùn.

Bí a bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òkèlè wà lẹ́nu, ìdérí a ṣí láìtó àkókò, oúnjẹ a tá ni lórí, a ó sì máa wúkọ́. Ikọ́ náà ni ó ń gbà wá. Ìdí nìyí tí rírọ ọmọ fi léwu. Ìyá tí ó fún ọmọ nímú, tí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lọ́fun, ń fi ipá mú un láti mí àti láti gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè di òtútù àyà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa rọ wá, a sì yè. Àwọn tí kò yè kò sí níhìn-ín láti rojọ́.

Ní ẹnu ikùn, iṣan kan wà bí okùn ẹnu àpò. Bí ó bá dẹ̀, omi kíkan inú ikùn a padà gòkè, àyà a sì máa ta ni. Ẹni tí ó yó iyán lálẹ́ tí ó sì dùbúlẹ̀ lójú kan náà ni ó sábà máa ń ṣe. Kí ó fi wákàtí mẹ́ta sí àárín oúnjẹ àti oorun. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkèlè ń há lọ́fun, tí ó sì ń rù, kí ó lọ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa ará Òkè-Fìà àti gbogbo Òṣogbo jùlọ ni ti sódà. Ìlú aró ni a ń pe ìlú wa. Omi eérú ni àwọn aláró ń lò láyé àtijọ́. Nígbà tí sódà òyìnbó dé, àwọn àti àwọn tí ń se ọṣẹ gbà á nítorí pé ó yá. Bí a bá pò ó mọ́ omi, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti omi mímu. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ a gbé e mu. Ẹnu kan péré tó láti jó ọ̀nà oúnjẹ. Egbò náà a jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ a máa súnkì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ kò lè gbé ẹ̀bà mì mọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ, ní ìkẹyìn omi.

Dókítà Chevalier Jackson ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ó sì jà títí ìjọba wọn fi ṣòfin ní ọdún 1927 pé kí a kọ ọ̀rọ̀ "májèlé" sí ara ohun tí a fi ń ta á. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n sódà tí a wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà kò ní ìwé lára, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ ọ́n kà.

Kí aláró má ṣe fi sódà sínú ìgò tàbí ife tí a fi ń mu omi láé, kí ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka tọ́ ọ lọ́fun kí ó lè bì. Ohun tí ó jó o ní àlọ yóò tún jó o ní àbọ̀. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá, yálà ti yunifásítì ní Òṣogbo níhìn-ín tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, kí ẹ sì mú ìgò náà lọ́wọ́. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ tún mú un padà fún àyẹ̀wò, nítorí pé nígbà tí ọ̀nà náà kò tíì dí pátápátá ni àwọn dókítà lè fi ohun èlò fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.