Wúfà Inú Bùútù Mọ́tò

Ẹ ó ti pàdé irú mọ́tò kan rí tí ó jẹ́ pé, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, gíláàsì fèrèsé yín yóò ti máa gbọ̀n. Sípíkà ńlá tí à ń pè ní wúfà ni ó wà ní bùútù rẹ̀. Lónìí, n ó sọ bí a ti í fi í síbẹ̀ tí kò fi ní di ìjàǹbá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí gbé mọ́tò rẹ̀ wá bá mi. Ó ti ra wúfà, ó sì gbé e sí bùútù ní ìhòòhò, láìsí àpótí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Owó mi ti lọ, n kò sì rí ohùn." Òótọ́ ni. Ohùn tóóró nìkan ni ó ń jáde. Ohùn ìsàlẹ̀ kò sí.

Kí ni ó fà á? Sípíkà ní awọ kan láàárín bí ti ìlù. Nígbà tí awọ náà bá ti afẹ́fẹ́ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí kò bá sí ohun tí ó pín iwájú níyà kúrò lára ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ iwájú yóò gba ẹ̀gbẹ́ lọ dí àlàfo tí ó wà lẹ́yìn, àwọn méjèèjì yóò sì pa ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni èyí ń pa jù, nítorí ìgbì rẹ̀ gùn. Ohùn tí ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 7, ó ju mọ́tò náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ ronú bẹ̀ǹbẹ́ tí a bọ́ awọ rẹ̀ kúrò lára igi: ta ni yóò jó sí i?

Nítorí náà, ẹ lọ bá káfíńtà. Kí ó fi pákó tí ó nípọn tó mìlímítà 18 kan àpótí, kí ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀ pinpin, kí ó sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé wúfà náà. Ní 1954, Edgar Villchur, olùkọ́ bí èmi, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àpótí kékeré tí a dí pinpin lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ a máa ṣe bí sípíríǹgì fún awọ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rewáyà ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí wáyà pupa tí ó ti ìdí bátìrì lọ sí bùútù, kò sì ní fíúsì kankan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀: áńpílífáyà oníwáàtì 600, lórí bátìrì oní-fóòtì 12, ń fa áńpíà 50, ó kéré tán. Iná iwájú mọ́tò kan kì í fà ju nǹkan bí 5 lọ. Bí rọ́bà ara wáyà náà bá bó, tí ó sì kan irin mọ́tò, yóò pọ́n bí ẹyin iná kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí pẹtiróólù wà nínú táńkì.

Ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi fíúsì sí ìtòsí bátìrì, kí ó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Fíúsì tí ó wà ní bùútù kò lè gba wáyà tí ó ti ìwájú wá sílẹ̀. Ẹ fi rọ́bà sí ojú ihò irin tí wáyà ń gbà kọjá. Bí fíúsì bá sì jó, ẹ wá ohun tí ó jó o. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ náà gbọ́ràn. Nígbà tí ó padà wá, ohùn ìlù dé inú àyà mi. Mo yìn ín, mo sì ní kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ní etí lè gba ariwo tí ó tó dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Mọ́tò ní fíúsì, ṣùgbọ́n etí kò ní. Ó dàbọ̀ o.