Àjẹkù tàbí Àṣẹ́kù? Ọ̀rọ̀ Kan Láti Pápá Àgùntàn Tí A Sọ Di Pápá Màlúù

Ní ọdún 1982, àgùntàn orílẹ̀-èdè Níú Sílándì lé ní mílíọ̀nù 70. Ní 2023, wọn kò tó mílíọ̀nù 25. Ọ̀pọ̀ nínú pápá wọn, pàápàá ní agbègbè Canterbury àti Southland, ni a ti sọ di oko màlúù oníwàrà. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé nípa irú oko bẹ́ẹ̀ sí èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro kan pàdé: kí ni kí á pe koríko tí ó kù sórí ilẹ̀ nígbà tí ẹran bá jẹ pápá tán?

“Àjẹkù” ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dára fún oúnjẹ inú àwo, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà níhìn-ín, nítorí àjẹkù jẹ́ ohun tí a lè dà nù. Ti pápá kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko ràígíráàsì (orúkọ àjèjì ni, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn fún un) a máa tọ́jú ṣúgà sí ìdí rẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 sí ilẹ̀. Nígbà tí ẹran bá ti jẹ ewé lọ, ṣúgà yìí ni koríko fi ń yọ ewé àkọ́kọ́. Bí a bá tún da ẹran sí i kí ewé kejì tó yọ tán, gbòǹgbò yóò dínkù, koríko yóò sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sì dúró títí ewé kẹta fi kọjá, ewé àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ètè òkè àgùntàn là, nítorí náà ó lè jẹ koríko dé ìtòsí ilẹ̀. Ahọ́n ni màlúù fi ń wé koríko kí ó tó já a; koríko tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀. Àgùntàn lè wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, èyí tí a lè pè ní ìjẹko àdúrósójúkan. Màlúù oníwàrà ni a ń kó láti ìpín kan dé èkejì, kí ó tó padà sí ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 20 sí 30 ní ìgbà ìrúwé: ìjẹko àyípo nìyí. Nítorí rẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń gé pápá ńlá àwọn àgùntàn sí kéékèèké, tí ó ń la ọ̀nà lọ sí ilé ìfúnwàrà, tí ó sì ń fa omi dé ìpín kọ̀ọ̀kan.

Àṣẹ́kù ni ó yẹ ohun tí ó kù, nítorí ohun tí a ń wọ̀n ni. Nǹkan bí kìlógíráàmù 1,500 sí 1,600 ní hẹ́kítà kan, bí a bá wọn koríko náà ní gbígbẹ, ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lépa. Bí ó bá kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí koríko yóò gbó, yóò ta igi, màlúù kò sì ní fẹ́ jẹ ẹ́ dáadáa ní àyípo tí ń bọ̀.